Ọwọ́ Méjì Lórí Èèkù Idà Kan

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ilẹ̀ Faransé dé, òmìnira kò tíì gbó lọ́wọ́ wa. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọ̀gá ní Pobè ń di ẹrù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àjàṣẹ́, ìjọba Dàhòmì sì ń wá ọmọ ilẹ̀ wa tí yóò máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá ológun. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti oríṣiríṣi ilẹ̀ adúláwọ̀ ló kún ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì gbọ́ èdè wa nínú wọn, ọmọ Takon, lẹ́bàá Sakété. Wọn kò mọra rí kí wọ́n tó lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, o kò lè rí ọ̀kan kí o má rí èkejì.

Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ìjọba tó wà ní Pobè, òun ni olórí àwọn tó ń gé ẹyìn lulẹ̀. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi dé, bàbá jẹ́ kó jẹun tán, ó jẹ́ kí àwọn aládùúgbò kí i tán, lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí àmì kékeré kan tó ń fì ní àpò àyà aṣọ ológun rẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi ọ̀dà dídán kun àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlàárì. Bàbá bọ́ ọ láyà rẹ̀, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

“Kí lèyí?”

“Àmì ẹgbẹ́ wa ni, Bàbá. Àwọn tó bá jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́dún kan náà ló máa ń yan àmì tiwọn àti ọ̀rọ̀ tiwọn. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí irú rẹ̀ láyà rẹ̀, ọmọ ìyá mi ni títí ikú.”

Asà ni àmì náà. Idà kan wà láàárín rẹ̀ tó dorí kodò, ọwọ́ méjì sì di èèkù rẹ̀ mú. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún wa: “Kì í ṣe ọwọ́ kan ṣoṣo.” Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ yan àmì, àwọn kan fẹ́ kìnnìún, àwọn kan fẹ́ mànàmáná, àwọn kan ní ẹyẹ idì ni. Wọ́n ti ń bá ara wọn jà kí ọmọ Takon tó dìde. Ó ní ní ilé àwọn, wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ó fi ẹfun ya ọwọ́ méjì àti idà kan sára pátákó, gbogbo wọn sì dákẹ́, nítorí pé kò sí ilẹ̀ kankan nínú ilẹ̀ wọn tí òwe náà kò ti bá nǹkan mu. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá dá àmì náà padà fún un.

“Bọ́wọ́ ọmọ ò bá tíì tẹ èèkù idà,” ni bàbá wí, “kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọwọ́ yín ti tẹ èèkù báyìí. Ta lẹ fẹ́ bi?”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa nílé la mọ̀ pé ìbọn ìjọba òyìnbó ló pa bàbá tó bí bàbá wa, nígbà tí àwọn ará oko kan lágbègbè wa kọ̀ láti fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun. Ohun tí bàbá máa ń tẹnu mọ́, nígbàkigbà tó bá sọ ọ́, ni pé òyìnbó kọ́ ló fa ìbọn náà. Adúláwọ̀ ni, ó dé fìlà ológun, ó sì ń sọ èdè tí àwọn kò gbọ́.

Mo ti lọ sílé ọkọ ní Sakété nígbà yẹn, mo kàn wá kí ẹ̀gbọ́n mi káàbọ̀ ní Pobè ni. Ìdílé oníṣòwò Mùsùlùmí ni wọ́n, àgbàdo àti gàrí ni bàálé mi ń kó lọ sí Àjàṣẹ́. Èmi ń ránṣọ, mo sì ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sára aṣọ, iṣẹ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà nígbà tí mo wà lọ́mọge. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ àsíá kékeré kan tí wọn yóò máa gbé kọ́ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ti pàdé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé aṣọ wá. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni. Bàálé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Mo fi ẹfun ya asà, mo ya idà, mo ya ọwọ́ méjèèjì. Àmì irin yẹn kéré, a kò lè rí ju ìka àti èèkù lọ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àsíá tóbi. Mo bi wọ́n léèrè irú aṣọ tí ọwọ́ náà wọ̀.

“Aṣọ ológun,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Kí ló tún kù?”

“Ọ̀kan wọ aṣọ ológun,” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. “Èkejì ò wọ nǹkan kan.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi tí mo yà á.”

“Ìwọ lo yà á, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbà á. Ọwọ́ mi nìyí, ọwọ́ rẹ nìyí. Bó bá rẹ̀ mí, ìwọ á dì í mú. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ nìyẹn.”

Ọmọ Takon gbọn orí. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. “Bó bá jẹ́ ọwọ́ ológun méjì ló wà lórí idà, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ ológun kan? Ọwọ́ kejì, ti àwọn tó ra idà náà ni. Ìyá mi wà lára wọn, pẹ̀lú gàrí tó ń yan. Bí ọwọ́ yẹn ò bá fà á, idà ò gbọdọ̀ jáde nínú àkọ̀.”

“Ṣé ìyá rẹ ni yóò wá máa pàṣẹ fún ọmọ ogun?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàálé mi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n bá ara wọn parí rẹ̀ kí n tó fabẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, torí pé òwú kì í ṣe ẹfun. Wọn kò parí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí wọ́n sì fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dá ọwọ́ náà dúró ní ọrùn ọwọ́, kí aṣọ kankan má hàn rárá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Òwú àlàárì ni mo fi yí etí rẹ̀ po, nítorí pé òun ni àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ìgbà tí mo tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní láti wò ó ni mo rí i pé ó dà bí ọwọ́ tí wọ́n gé. Bàálé mi wò ó, ó ní kí n ká a kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ni ín gbà á, wọ́n yìn mí, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tí mo rí nínú wọn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nǹkan dàrú ní ilẹ̀ wa. Ìjọba kan á ṣubú, òmíràn á gorí oyè, ẹni tí a gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Iye tí wọ́n ń ra ẹyìn àti àgbàdo lọ sílẹ̀, owó orí kò lọ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ láti àwọn abúlé tó yí Sakété ká sọ pé àwọn kò ní san mọ́. Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n péjọ sí ọjà Sakété, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n jókòó sí ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́, ọkọ̀ kankan kò lè kọjá.

Ọmọ Takon ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn ọmọ ogun tó wà ní Sakété nígbà náà. Ojúlé mi kọjú sí ọjà, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ológun dé, àwọn ọmọ ogun bọ́ sílẹ̀, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn mọ́ra. Ó bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo rí i tí wọ́n to ìbọn wọn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Òun ṣí fìlà rẹ̀, ó fi há abíyá, ó sì wọ àárín àwọn èèyàn náà lọ ní òun nìkan. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà kan, ó ń gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n pariwo mọ́ ọn, kò dìde. Wọ́n tún pariwo. Kí wọ́n tó kírun alásárì, ojú ọ̀nà ti ṣí, oníkálukú ti ń di ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé wọ́n ti pàṣẹ fún un láti Kútọnú pé kó fi ìbọn lé wọn kúrò. Kò pẹ́ sí i tí ọkọ̀ kan fi wá gbé e. Àwọn kan ní wọ́n pa á. Àwọn kan ní òṣèlú kan ló ti ń fún un lówó tipẹ́. Nígbà tó yá ni a gbọ́ pé Pobè ni wọ́n tì í mọ́, nínú ilé tí kọ̀máǹdáǹ òyìnbó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Bóyá ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀.

Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Takon wá bá mi. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ wọn, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí wọn kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé aṣọ náà wọ̀. Eruku ọ̀nà ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Agbọ̀n oúnjẹ wà lórí rẹ̀.

“Ẹ jókòó, Ìyá,” ni mo wí.

“Mi ò wá jókòó, ọmọ mi. Mú mi lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Bàálé mi pè mí wọlé. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ó ní àwa ọlọ́jà, bí wọ́n bá ti kọ orúkọ wa mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a ti tán. Òótọ́ ló ń sọ, mo sì mọ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ kí, kò sẹ́ni tí kì í kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó gba agbọ̀n lórí ìyá náà, ó sì sìn wá dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Nínú ọkọ̀, ìyá náà kò sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Nígbà tí a dé ilé kọ̀máǹdáǹ, àwọn tó ń ṣọ́nà dá wa dúró, wọ́n lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó jáde sí wa nínú aṣọ ológun. Ó ti rù. Nígbà tí nǹkan ṣì dáa, gbogbo ìgbà tó bá ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé Takon ló máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá yìí. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró ṣánṣán, ó kàn tẹ orí ba ni.

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá.”

Ìyá náà wò ó. “O ò kí mi bó o ṣe máa ń kí mi.”

“Aṣọ tí mo wọ̀ ni, Ìyá. Àwọn ọmọ ogun ń wò mí.”

“Mo rí wọn. Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ le. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣọ́ ọ.”

“Kó má baà sá ni, àbí kí wọ́n má baà pa á?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. “Méjèèjì ni, Ìyá.”

Ìyá náà ní òun fẹ́ rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó na ìka sí àmì tó wà láyà ẹ̀gbọ́n mi. “Irú èyí wà láyà ọmọ mi. Ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó gbé e wálé. Ìwọ ńkọ́, kí ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí?”

N kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó yá, ó gba agbọ̀n náà, ó sì ní ká wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, kí òòrùn má pa wá. Fèrèsé kan ṣí sílẹ̀ lókè orí wa. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn nínú rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Wọn kò ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ìyá rẹ ló gbé oúnjẹ wá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí nínú yàrá.

“Níbo ló wà?”

“Lábẹ́ fèrèsé.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ohùn sókè díẹ̀. “Ìyá, mo wà dáadáa.”

Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tó jáde lẹ́nu rẹ̀. “Jẹun.”

A gbọ́ tó ń jẹun. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ.

“Wọ́n ń bọ̀ wá gbé ọ lọ sí Kútọnú. Sọ fún wọn pé o ò gbọ́ àṣẹ náà yé. Sọ pé rédíò ọkọ̀ ń kùn. Èmi á jẹ́rìí sí i.”

“Mo gbọ́ ọ yékéyéké.”

“Mo mọ̀ pé o gbọ́ ọ.”

“Kí ló wá dé tó o fẹ́ kí n purọ́?”

“Kí o lè wà níbẹ̀. Kí àwa méjèèjì lè jọ wà níbẹ̀.”

“Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n fi sí Sakété lọ́jọ́ náà, ṣé wàá yìnbọn?”

“N kò mọ̀.”

“Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.”

“Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù yàtọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “O ò yìnbọn, ó dáa, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n bí oníkálukú wa bá ń yan àṣẹ tó wù ú, lọ́jọ́ kan ẹnì kan á dìde pẹ̀lú ìbọn, á ní ará ìlú ló ní kí òun lé ìjọba kúrò. Ọwọ́ ará ìlú tí ò ń wí yìí náà ni yóò fi hàn ọ́. Kí lo máa wá wí fún un?”

Ìyá náà mú agbọ̀n tó ṣófo nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé e jáde, ó sì dì í mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣọ́nà ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, pẹ̀lú aṣọ ológun, pẹ̀lú àmì, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀.

“Dìde,” ni ìyá náà wí. “Aṣọ rẹ á dọ̀tí.”

Wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Kútọnú. Kò purọ́. Wọ́n tì í mọ́lé fúngbà pípẹ́, wọ́n sì lé e kúrò nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba àmì náà pẹ̀lú. Ó padà sí Takon, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ kí i. Ó ní bí òun bá lọ, wọn á ní àwọn ń gbìmọ̀, èyí á sì pa àwọn méjèèjì lára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó tún ń fi òótọ́ náà bo nǹkan mìíràn.

Nígbà tó yá, àwọn ológun gba ìjọba. Bàbá wà ní ilé mi ní Sakété lọ́jọ́ náà, ó wá gba oògùn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ohùn kan jáde lórí rédíò, ó ní ará ìlú ló ránṣẹ́ pe àwọn, ó ní ọwọ́ ará ìlú ni àwọn fi ṣe é. Àwọn èèyàn jó ní ọjà, ní ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí lára àwọn tó gba ìjọba, ṣùgbọ́n kò kọ̀ fún wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ga sí i láti ìgbà náà. Ó dé ilé mi nírọ̀lẹ́. Ó jókòó ti bàbá, ó sì gbọ́ ìkéde náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, “Mo sọ fún un ní Pobè.” Kò sí ìdùnnú nínú ohùn rẹ̀. Bàbá ń ra ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá ti Takon kú ní ìgbà òjò, ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé mò ń lọ, ó sì ní òun á gbé mi lọ. Aṣọ ìbílẹ̀ ló wọ̀, kò sí ohun kankan láyà rẹ̀. Àwọn ará ìjọ obìnrin náà kún inú ọgbà, gbogbo wọn wọ funfun, láìwọ bàtà nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọmọ rẹ̀ jáde wá pàdé wa. Ó ti di àgbẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ le, irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ di mọ́ ọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ orí ba. “Ẹ káàbọ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi wá fún yín.”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga fún un. Ó bi í léèrè nípa ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nípa bàbá wa àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ pọ̀, ó sì rí i dájú pé ẹran tó dáa ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò ṣe. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó sìn wá dé ìdí ọkọ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi rọra wakọ̀, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. “Ẹ kílé o,” ló wí.

A ti rìn jìnnà kí ẹ̀gbọ́n mi tó sọ̀rọ̀.

“Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀?”

“Mo gbọ́.”

“‘Ẹ’ ló ń pè mí.”

Òjò tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ní òun kò rí iwájú dáadáa. A jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá, lẹ́yìn náà ló gbé mi dé Sakété, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Pobè.